Wọ́n Ti Sanwó Eré, Eré Kò Tíì Dé

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Igbókòdá ni mo ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ní ọdún tó kọjá mo ṣe eré pátákó kan nípa ilẹ̀ wa létí omi. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á. Gbogbo ọkọ̀ máa ń gbéra láti èbúté Igbókòdá. Ẹ ó ju dáìsì, ẹ ó máa wakọ̀ láti ìlú dé ìlú, ẹ ó ra edé àti ẹja gbígbẹ níbi tó ti pọ̀, ẹ ó tà á níbi tó ti wọ́n. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá padà dé èbúté, ẹni tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù ló borí. Káàdì tún wà tí mo pè ní Ìròyìn Omi, tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà: epo tán, ewéko dí ojú omi, ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò ṣiṣẹ́.

Ọgọ́rùn-ún páálí ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n sì tà tán kí ọdún Kérésì tó kọjá. Inú mi dùn gan-an. Àwọn èèyàn ní kí n tẹ̀ sí i, mo sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ san ₦8,000 sílẹ̀. Ilé-ìwé san, ṣọ́ọ̀ṣì san, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní Èkó náà san. Mo gbé apá kan fún atẹ̀wé. Kò pẹ́ tó fi sọ pé ìwé ti gbówó lórí, àfi kí n fi owó kún un. Lásìkò yẹn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bàjẹ́. Mo mú lára owó tó kù fi tún un ṣe, mo rò pé yóò dá a padà kíákíá. Kò tíì dá a padà. Oṣù márùn-ún rèé lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá fún wọn. Èébú pọ̀ lórí WhatsApp, n kò dáhùn mọ́. Mo ń rò ó pé kí n ní kí kálukú fi ₦3,000 kún owó rẹ̀ kó tó gba tirẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìkejì, ìyá kan láti Ayétòrò dá eré tirẹ̀ padà. Káàdì kan ló bí i nínú: “Òkun ru dé ìlú, ilé rẹ ti bọ́ sómi. San ₦2,000, padà sí Igbókòdá.” Ó ní abẹ́ omi ni ilé ìyá òun wà báyìí, òun kò lè jókòó kí àwọn ọmọ òun máa fi ta eré. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní eré lásán ni. Èmi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ìkẹta, àwọn ọmọ ti yí òfin eré náà padà, wọ́n ń ta á bó ṣe wù wọ́n. Ẹnì kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nítòsí ọjà sì ń ṣe ẹ̀dà pátákó náà, ó ń tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà, Igbókòdá

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, Tíṣà, o kú làálàá. Kí á tó dé ibi owó, jẹ́ kí n sọ eléyìí ná. Ọmọ tó dàgbà sí Igbókòdá tàbí Ugbónla ti ta lúdò, ó ti ta Whot, bóyá ó tilẹ̀ ti rí Monopoly nílé ẹnì kan rí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé èèyàn lè gba orí omi lọ ra edé. Ìwọ lo tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún páálí sì tà tán lọ́wọ́ tíṣà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró, ìdí nìyí tí n ó fi sọ ojú abẹ níkòó fún ọ.

Àwọn tó ra páálí àkọ́kọ́ sanwó, wọ́n gba ọjà, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó san ₦8,000 sílẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Wọ́n fi owó wọn sí ọ lọ́wọ́ ni, bí ẹni fi owó sí alájọ lọ́wọ́. Gbogbo ọjà ló mọ ohun tí wọ́n ń pe alájọ tó bá fi owó olówó tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí páálí bá bọ́ sí oníbàárà lọ́wọ́ ni ₦8,000 yẹn tó di tìrẹ; títí di ọjọ́ náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní, kó tẹ eré jáde. Mo mọ̀ pé o kò ní èrò ibi. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ ní Ìlàjẹ, oúnjẹ ilé rẹ̀ ló dúró yẹn, ta ló sì lè máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níran? Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ni ìyọ́nú yẹn ti yẹ kó jáde, láti inú owó oṣù rẹ tàbí èrè páálí àkọ́kọ́. Ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní Èkó kò mọ̀ pé òun ń yá ẹnikẹ́ni lówó.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2012, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Erik Chevalier gbé eré pátákó kan, The Doom That Came to Atlantic City, sórí Kickstarter, níbi tí àwọn èèyàn ti ń san owó sílẹ̀ fún ohun tí a kò tíì ṣe. $35,000 ló ní òun ń wá. Èèyàn 1,246 ló dá owó fún un, owó náà sì lé ní $122,000. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2013, ó ní eré náà kò ní jáde mọ́, òun yóò dá owó wọn padà. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí kọ́bọ̀. Ní ọdún 2015, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ó fi owó náà san owó ilé, ó fi kó lọ sí ìpínlẹ̀ Oregon, ó fi ra nǹkan fún ara rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àjọ náà máa pè lẹ́jọ́ lórí owó àdájọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Cryptozoic, ló wá tẹ eré náà nígbẹ̀yìn, tó sì fún àwọn tó ti sanwó ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Ó dára, àwọn èèyàn fẹ́ ẹ, ó sì ṣeé tẹ̀.

Wá wo Isaac Childres, Amẹ́ríkà lòun náà. Ní ọdún 2020, ó lé ní 83,000 èèyàn tó san owó sílẹ̀ fún eré rẹ̀, Frosthaven. Owó náà súnmọ́ $13,000,000. Oṣù kẹta ọdún 2021 ló dá fún wọn. Àrùn Kòrónà dé, ọkọ̀ òkun gbówó lórí, àpótí ẹrù di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rí eré náà gbà títí di òpin ọdún 2022 wọ ọdún 2023. Ìpẹ́ yẹn ju tìrẹ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ó ń kọ̀wé sí wọn ní gbogbo ìgbà: ibi tí òfin eré dé rèé, ibi tí ìtẹ̀wé dé rèé, ọkọ̀ òkun ló dá wa dúró báyìí. Àwọn kan lè kùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Tíṣà, oṣù márùn-ún kò tíì ba orúkọ rẹ jẹ́. Ìdákẹ́ rẹ lórí WhatsApp ló ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó sanwó tí kò rí ọjà lè ní sùúrù; tí kò bá wá gbọ́ ohùn mọ́, yóò fi ọkàn ara rẹ̀ parí ìtàn náà, ibi tó burú jù ni yóò sì parí rẹ̀ sí. Kí o tó wá owó rárá, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí mo bá kọ tó bá jẹ́ èmi nìyí:

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú sùúrù, ẹ má bínú sí ìdákẹ́ mi. Eré tí ẹ sanwó rẹ̀ kò tíì tẹ̀ jáde. Iye báyìí ló wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, iye báyìí ló kù. Mo mú iye báyìí lára owó yín fi yanjú ọ̀rọ̀ kan nínú ẹbí mi, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, n kò ní gba kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀, kó sọ fún mi, n ó máa san án bí orúkọ ṣe tẹ̀léra. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé ni n ó máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé, bí kò tilẹ̀ sí ohun tuntun.”

Fi iye owó gan-an sí gbogbo ibi tí mo ti kọ “iye báyìí”. Má ṣe dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ ni wọ́n kó owó fún. Má sì dá ọjọ́ tí o kò ní lè pa mọ́. Mo máa ń rí i kí àwọn oníṣòwò wa fi “nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run” dí ibi tó yẹ kí ọjọ́ wà, èmi kò fẹ́ kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ gba ọjọ́ lẹ́nu atẹ̀wé, jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye tó gbẹ̀yìn, kó sì fọwọ́ sí i. Fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lé e kí o tó sọ ọ́ síta. Ní ti ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó kó owó jọ fún ọ, má fi WhatsApp bá wọn sọ ọ́. Lọ bá wọn, dọ̀bálẹ̀, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ. Owó àwọn òbí ló wà ní ọrùn àwọn náà, wọ́n sì nílò ohun tí wọn yóò sọ fún wọn.

Òfin ìlú pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ọjà tó sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba ọlọ́jà láyè láti yọ iye tó bọ́gbọ́n mu nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọjá ọjọ́, má yọ nǹkan kan. Ìrírí mi ni pé bí o bá fi tọkàntọkàn ní kí wọ́n wá gba owó, àwọn tó máa wá kì í pọ̀ tó bí o ṣe ń bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn kò tì.

₦3,000 tí o fẹ́ kún un ńkọ́? Má kún un. Mo mọ̀ pé ìwé gbówó lórí lóòótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kò sí atẹ̀wé tí kò ké. Ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń tẹ nǹkan ti ń wá, dọ́là la sì fi ń rà á. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí Ìwópin, nítòsí yín níbẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ ìwé sí kí a lè máa ṣe ìwé ìtẹ̀wé fúnra wa. Ká ní ó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bóyá lẹ́tà rẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà kọ́ ló ba Ìwópin jẹ́. Ìwọ lo dá iye, ó san án pé, iye náà ti dúró.

Ilé-iṣẹ́ tó ju tìrẹ lọ níye ìgbà tí a kò lè kà ti gbìyànjú láti yí àdéhùn padà, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Wizards of the Coast ló ń tẹ Dungeons & Dragons, eré tó ti wà láti ọdún 1974. Ní ọdún 2000 ni ìwé àṣẹ kan jáde tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òfin eré náà fi ṣe ìwé tirẹ̀ kó sì tà á. Àìmọye àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké ló fi jẹun. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ pa àṣẹ yẹn rẹ́, kó sì máa gba ìpín lọ́wọ́ àwọn tó bá pawó ńlá nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà fárígá. Ọ̀pọ̀ fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún un. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà gan-an ló juwọ́ sílẹ̀: ó fi àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì gbé ìpìlẹ̀ òfin eré náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tí kò lè gbà padà mọ́. Owó Hasbro, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ín, ló wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn tìrẹ, owó oṣù tíṣà ló wà.

Ibòmíràn ni o ti máa rí owó náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà láti òní lọ, gba ₦11,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí o tàn jẹ. Yọ páálí ńlá yẹn kúrò kí o fi àpò ọ̀rá líle rọ́pò rẹ̀. Yọ dáìsì, dáìsì lúdò wà nínú ilé gbogbo. Sọ ọ́ síta pé o yọ ọ́. Má fọwọ́ kan káàdì o. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń fẹ́ ní Àwóyè kò ní ṣàánú ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹja sísun kò sì ní ṣàánú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí owó lọ, kí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí o sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó níṣojú ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, kó máa dá owó náà padà bó ṣe ń dé láti ojú omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin tí àwọn ọmọ yí padà, ẹ̀rín ayọ̀ ni mo rín sí i. Ta ló kọ́ wa ní “general market”? William Henry Storey ló ṣe Whot ní Ìlú Ọba ní 1935, ilé-iṣẹ́ Waddingtons ló tẹ̀ ẹ́ tà. Káàdì 54 náà la ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n “pick two”, “hold on”, “suspension”, ẹni tó ń lọgun “last card” kó tó ju káàdì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, àgbàlá wa àti ilé-ìwé wa ni gbogbo ìyẹn ti gbilẹ̀. Lónìí, èèyàn lè rìn jìnnà ní Lọ́ńdọ́nù kó tó rí ọmọ tó mọ Whot. Ní Òkìtìpupa, kò dìgbà tó bá béèrè. Àwọn olùrà ló gba eré yẹn là. Nítorí náà, tí àwọn ọmọ bá yí òfin tìrẹ, jókòó tì wọ́n kí o wò ó. Bí òfin tiwọn bá dùn ju tìrẹ lọ, kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí o máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé báyìí ló mú un wá. Ní Àbújá, Kenechukwu Ogbuagu tó dá ilé-iṣẹ́ eré NIBCARD Games sílẹ̀ máa ń pe àwọn èèyàn jọ síbi àpéjọ AB Con kí wọ́n jókòó ta eré. Ìwọ náà, fi ọ̀sán Sátidé kan tẹ́ pátákó rẹ sílẹ̀ ní èbúté, kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ máa ta á.

Oní-fọ́tòkọ́pì náà, lọ bá a ní pẹ̀lẹ́ kí o tó halẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 dáàbò bo àwòrán tí o yà àti ọ̀rọ̀ tí o kọ. Kò dáàbò bo èrò pé kí ọkọ̀ máa ra ẹja kiri. O lè ní kó dáwọ́ dúró, òfin wà lẹ́yìn rẹ. Àmọ́ bi ara rẹ léèrè ìdí tí àwọn kan fi ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin tó ń san owó ọkọ̀ ilé-ìwé lórí omi kò ní ₦8,000 fún eré. Ṣe ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, pátákó oní-tákàdá kan àti káàdì tí òbí yóò fúnra rẹ̀ gé, kí o sì ní kí oní-fọ́tòkọ́pì yẹn máa tẹ̀ ẹ́ fún ọ, kí ẹ jọ pín èrè rẹ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyá Ayétòrò sí ìkẹyìn, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló wúwo jù lọ́kàn mi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò sọ òótọ́. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n ń kan ọkọ̀, tí iná mànàmáná sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì wà lábẹ́ fìtílà. Òkun ti gba ilé, ó gba ilé-ìwé, ó gba itẹ́ òkú lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun náà jáde, òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ra eré lọ́wọ́ rẹ gbé ìlú yẹn lọ́kàn dé ibi tábìlì, ó ṣí káàdì, ó sì kà á pé ilé rẹ ti bọ́ sómi, mú owó wá.

“Mú owó wá” yẹn ni kí o wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Bestman Games ti Nimi Akinkugbe gbé Monopoly ti ìlú Èkó jáde, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ìlú kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Káàdì kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí ẹni tó fẹ́ fún agbófinró ní rìbá san owó ìtanràn. Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ẹni tó ṣe àṣìṣe ni káàdì náà mú. Tìrẹ mú ẹni tí òkun ṣe níkà, ó tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lé e. Lórí pátákó Èkó yẹn kan náà, Banana Island ni ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n jù. Mákòkó náà wà níbẹ̀, ní ìhà ibi tí owó ilẹ̀ ti kéré. Ìwọ náà mọ àwọn tó ń gbé Mákòkó: àwọn Ègùn ni, àti àwọn ènìyàn yín, àwọn Ìlàjẹ. Ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Èkó wó lára ilé wọn. N kò sọ pé ẹni tó ṣe eré náà ní èrò ibi sí wọn, kò ní in; iye tí ọjà ilẹ̀ ń pè ni eré bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìlú tòótọ́ sórí pátákó ti jẹ àwọn ará ìlú náà ní gbèsè, yálà wọ́n rà á tàbí wọn kò rà á. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, gbèsè tìrẹ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Má yọ òkun kúrò nínú eré o. Àwọn ọmọ Ayétòrò mọ òkun ju ìwọ àti èmi lọ. Tí o bá fi pamọ́, irọ́ ni eré náà yóò máa pa fún wọn. Yí ohun tí káàdì ń béèrè padà. Ohun tí mo rò nìyí, kì í ṣe àṣẹ: “Òkun ru dé Ayétòrò. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wà nítòsí, ẹ yà síbẹ̀, ẹ bá wọn kó ẹrù. Ẹni tó bá yà kò ní ta ọjà ní yíyí yìí. Ní yíyí tó ń bọ̀, ará Ayétòrò yóò ta edé fún un ní ìdajì owó.” Wò ó bó ṣe yí eré náà padà. Ọmọ tó ń lé èrè yóò ní láti dúró rò ó bóyá òun máa yà tàbí òun máa kọjá, àwọn mẹ́ta tó kù á sì máa wo ojú rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn yín ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí omi bá gba ilé, ó yẹ kó wà lórí pátákó.

Ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ tèmi lọ títẹ̀ ná. Wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Kọ́kọ́ dá owó ìyá náà padà fún un pé, láìyọ nǹkan kan, kó má baà dà bí ẹni pé o wá rọ̀ ọ́ kó má gba owó. Bá a kẹ́dùn ilé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o fi káàdì tuntun hàn án, kí o sì bi í bóyá bó ṣe ń rí nìyẹn. Bí ó bá tún un ṣe, ohun tó bá sọ ni kí o tẹ̀. Tẹ káàdì tuntun náà fún àwọn tó ra páálí àkọ́kọ́ pẹ̀lú, gbogbo ọgọ́rùn-ún, kí o sì fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ àwọn awakọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ravensburger ní Jámánì, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1883, ṣì máa ń wá ohun tó bá sọnù nínú eré wọn fún ẹni tó bá kọ̀wé béèrè; káàdì kan ṣoṣo kò pọ̀ jù fún ìwọ náà láti gbé dé Máhín àti Àwóyè. Tí ìyá náà bá sì bá ọ kọ ọ́, bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára eré náà, kí o tó kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí àwọn mìíràn kì í fẹ́.